Fáìlì ti kún íntánẹ́ẹ̀tì, kí la tún ń wá nínú dísìkì Famicom?

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Famicom Disk System kan láti Japan. Ẹni tó tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé “jánkù” ni, ìyẹn ni pé bó o bá ti sanwó, ọ̀rọ̀ ti parí. Dísìkì mẹ́ta bá a wá: Zelda, Golf, àti ẹ̀kẹta tí ẹnì kan fi báírò kọ nǹkan sí lára. Mo tan ẹ̀rọ náà, mọ́tò ń kùn, dísìkì ò yí. Mo bi àwọn èèyàn, wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí gbogbo géèmù yẹn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n ra ohun tó ń ka mẹ́mọ́rì káàdì kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí gbogbo rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí wá ni ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní olùpamọ́ géèmù ń ṣe? Àbí ẹ kàn fẹ́ràn ìdọ̀tí ni?»

* * *

Àbúrò, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń tẹ èsì yìí, rọ́bà yíyọ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi láti àná, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn.

Àwọn tó sọ fún ọ pé ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò parọ́. Ìdajì òótọ́ ni wọ́n sọ. Bó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ gbá Zelda, fáìlì wà, ó ń ṣiṣẹ́, lọ gbá a. Ṣùgbọ́n fáìlì Zelda kọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ. Dísìkì kan ló wà lọ́wọ́ ẹ, nǹkan méjì sì nìyẹn.

Fún àwọn tó ń kà á tí wọn ò mọ ohun tí à ń wí: Famicom ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ géèmù Nintendo ní Japan, ohun tí Amẹ́ríkà wá mọ̀ sí NES. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1986, Nintendo gbé ẹ̀rọ dísìkì kan jáde fún un, 15,000 yen ni wọ́n ń tà á. Àpótí pupa ni, wọ́n á gbé Famicom lé e lórí, wáyà kan á jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ bá ohun dúdú kan tó wọ ojúhò kásẹ́ẹ̀tì. Bátìrì ńlá mẹ́fà tàbí iná ilé ló ń lò. Kò jáde kúrò ní Japan rí, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wa kò ṣe mọ̀ ọ́n. Dísìkì rẹ̀ yẹ́lò, kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ní ojú A àti ojú B, ojú kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 56 kílóbáìtì. Má fojú kéré rẹ̀: Super Mario Bros. tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, 40 kílóbáìtì ni gbogbo ẹ̀, àti òkè àti ìsàlẹ̀ àti ọ̀nà omi.

Àmọ́ kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀ ló mú wàhálà wá. Ohun tó mú wàhálà wá ni pé dísìkì ṣe é kọ nǹkan sí.

* * *

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré, Nintendo gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Disk Writer. Bí géèmù kan bá ti sú ọmọ, á mú dísìkì rẹ̀ lọ, á san 500 yen, wọ́n á pa èyí tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, wọ́n á kọ òmíràn lé e. Dísìkì òfìfo jẹ́ 2,000 yen. Géèmù tuntun tó wà nínú páálí tirẹ̀, Zelda fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 2,600. Ìwọ náà ro ó wò, ta ló máa ra tuntun bó bá lè san 500? Ọmọ tó ní dísìkì méjì lè ti gbá géèmù ogún kó tó jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Wàláà ilé kéwú ni dísìkì yẹn. A kọ ọ́, ọmọ há a sórí, a fọ̀ ọ́, a tún kọ òmíràn. Bó o bá rí wàláà kan lónìí, ohun tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sí i rí.

Iṣẹ́ yẹn parí ní ṣọ́ọ̀bù ní 1993. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á fi dísìkì ránṣẹ́ sí Nintendo fúnra wọn, oṣù Kẹsàn-án 2003 ni wọ́n tó pa á tì. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ni wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ tí wọ́n ń kọ nǹkan sí i. Nítorí náà, Golf tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń sọ pé Golf ni. Mo ti rí “Golf” tó jẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Èyí tí wọ́n fi báírò kọ nǹkan sí ni mo fọkàn tán jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ti ń bi mí níkọ̀kọ̀ pé bó bá jẹ́ géèmù kan náà ni ẹ̀rọ kan náà kọ sórí dísìkì ẹgbẹ̀rún, kí ló dé tí a fi máa ka dísìkì ẹgbẹ̀rún? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, mo sì mọ àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀: ka méjì, bí méjèèjì bá bára mu, ó tán.

Èmi ò gbà. Ìdí àkọ́kọ́: bó o bá ka ojú dísìkì kan, ọ̀rọ̀ tí wàá kọ́kọ́ bá lẹ́yìn àlàfo gígùn tó wà níbẹ̀rẹ̀ ni *NINTENDO-HVC*. Tẹ̀ lé e ni orúkọ géèmù ní lẹ́tà mẹ́ta, ojú A ni tàbí B, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n tún un kọ, nọ́ńbà ẹ̀rọ Disk Writer tó tún un kọ, àti iye ìgbà tí wọ́n ti tún un kọ. Ọdún tó wà níbẹ̀, ọdún ọba Japan ni. 61 ni ọdún 61 Shōwa, ìyẹn 1986. Géèmù lè jẹ́ ọ̀kan náà, àwọn nọ́ńbà yẹn kì í jẹ́ ọ̀kan náà. Bí dísìkì bá pọ̀ tó lọ́wọ́, èèyàn lè mọ ìgbà tí géèmù kan ṣì ń wọ ọmọ lójú àti ìgbà tó di ohun tí wọ́n ń fọ̀ kúrò. Kò sí ìwé ìròyìn tó máa sọ ìyẹn fún ọ.

Ìdí kejì kan àwọn tó sọ pé fáìlì tó wà ti tó. Irú fáìlì tó gbòde jù, .fds, 65,500 báìtì ló fi ń gba ojú kan. Nígbà tí wọ́n ṣe é, ohun tí emulator, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi Famicom, nílò láti gbá géèmù nìkan ni wọ́n fi sí i. Àlàfo tó wà láàárín ìpín kan sí èkejì, wọ́n yọ ọ́. Báìtì méjì àyẹ̀wò tó wà ní ìdí ìpín kọ̀ọ̀kan, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé ohun tó kà pé, wọ́n yọ òun náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibì kan wà lórí dísìkì tó ń sọ iye fáìlì tó wà níbẹ̀, tí Famicom bá sì ti ka iye yẹn á dúró. Àwọn tó ń ṣe géèmù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ mẹ́fà síbẹ̀, wọ́n á wá fi ìkeje pamọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn adàkọ-jẹun má baà rí i. Àwọn kan lára àwa náà kò rí i. Ẹni tó gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ á gbá a dé ibì kan, géèmù á dúró gbagidi, á ní emulator ló burú.

Ìdí kẹta ni ọmọ tó ni dísìkì náà. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn, ó ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí kò yí ná, torí mo rí i pé ẹni mẹ́ta ti ń gba àbúrò wa nímọ̀ràn kó tú mọ́tò. Àbúrò, má tú mọ́tò. Bí mọ́tò bá ń kùn tí dísìkì kò yí, bẹ́líìtì ni. Òrùka rọ́bà kékeré kan ló ń gbé agbára mọ́tò lọ sí ibi tí dísìkì jókòó lé, àwọn ti àtijọ́ lè já, àmọ́ ńṣe ni wọ́n sábà ń yọ́. Wàá ṣí i, wàá bá ohun dúdú bí ọ̀dà tó ti ṣàn ká ibi gbogbo. Sípíríìtì àti òwú ni kó o fi nù ún, díẹ̀díẹ̀. Má jẹ́ kó kan hẹ́ẹ̀dì, ohun tó ń ka dísìkì.

Àwọn tó dàgbà nílé wa mọ àìsàn yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé n’Íbàdàn, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní ìsàlẹ̀ ilé wa ní ike Bournvita kan tó kún fún bẹ́líìtì rẹ́kọ́dà, ńlá àti kékeré, kò jẹ́ kí ọmọdé kankan fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní òógùn ọwọ́ ń bà wọ́n jẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí ó kàn fẹ́ lé wa lọ.

Ra bẹ́líìtì tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ yẹn gan-an. Ẹnì kan ta ẹ̀rọ “tí a ti tún ṣe” fún mi ní Osaka, ó kà á fún ọjọ́ mẹ́rin, ó kú. Mo ṣí i, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni mo bá níbẹ̀. Kó tiẹ̀ wá jẹ́ rọ́bà tuntun.

Ohun tí àwọn fídíò kì í sọ ni pé bẹ́líìtì nìkan kọ́. Dísìkì yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ká wọ inú rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín, hẹ́ẹ̀dì á tọ̀ ọ́ láti etí dé àárín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà sí méje, á padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ibi tí hẹ́ẹ̀dì ti ń bẹ̀rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ nígbà tó o tú u, á wá ìpín àkọ́kọ́ níbi tí kò sí. ERR.22 lo máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe pé dísìkì ti kú. Tú síkúrù kékeré tó di ibi tí dísìkì jókòó lé, yí i díẹ̀, dì í, dán an wò, tún un ṣe. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì nígbà àkọ́kọ́. Báyìí, ogún ìṣẹ́jú.

Dísìkì tí o bá fi dán an wò, má ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn. Ra èyí tí kò níye lórí. Géèmù máàjáǹgì lórí dísìkì wà ní Japan bí iyanrìn.

* * *

Ìjẹ́wọ́ mi rèé. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ọdún kejì tí mo dé Osaka, mo ra dísìkì mọ́kànlá nínú agolo bisikíìtì kan. Zelda wà níbẹ̀. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà. Mo tún mọ̀ pé mo fẹ́ rí i. Mo fi í sínú ẹ̀rọ. Orúkọ ọmọ kan jáde, lẹ́tà mẹ́rin, àti iye ìgbà tó ti kú: 87. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tẹ orúkọ rẹ̀, mo bá ara mi nínú ayé rẹ̀, pẹ̀lú idà rẹ̀, mo rìn díẹ̀, ẹranko kan pa mí. Géèmù béèrè pé ṣé kí n máa bá a lọ àbí kí n fi pamọ́. Ọwọ́ mi ti tẹ “fi pamọ́” kí orí mi tó dé ibẹ̀.

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ yẹn ti ń fà. Mọ́tò ń sáré, ó ń rọ, ó ń sáré, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ sórí dísìkì. Nígbà tí mo tún tan án, ERR.27: ó ka ìpín náà dé òpin, àyẹ̀wò ìdí rẹ̀ kò bá ohun tó kà mu. Orúkọ yẹn lọ. Ọmọ yẹn kú nígbà 87 fún ọdún bí ọgbọ̀n láìsí ohun tó ṣe é, èmi ló pa á ní ìkejìdínláàádọ́rùn-ún.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní “kọ́kọ́ tan án wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́”, mi ò lè dákẹ́. Disk System kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Bó o bá ń gbá a, o lè máa kọ nǹkan sí i. Metroid tí Amẹ́ríkà ń fi ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ gígùn gbá, ti Japan ń fi pamọ́ sórí dísìkì ni. Kid Icarus bẹ́ẹ̀. Kà á sínú kọ̀ǹpútà kó o tó gbá a, àní kó o tó fi han ọ̀rẹ́ ẹ.

FDSStick ni mo ń lò, ohun kékeré tó ń wọ ihò USB, o máa so wáyà ẹ̀rọ dísìkì mọ́ ọn láìsí Famicom rárá. Á ka ojú kan láàárín ìgbà tí omi tíì kò tíì hó. Yan èyí tó ń fi ohun gbogbo sílẹ̀ bí hẹ́ẹ̀dì ṣe rí i, àlàfo àti àyẹ̀wò pọ̀. .fds lè jáde lára ìyẹn nígbàkígbà tó o bá fẹ́. Èyí tí wọ́n ti yọ kò lè padà wá.

Àwọn kan ní kó o ṣẹ́ eyín kékeré tó wà létí dísìkì kí ẹ̀rọ má lè kọ nǹkan sí i mọ́. Òótọ́ ni pé á dúró, géèmù á gbé ERR.03 jáde bó bá fẹ́ kọ nǹkan. Àmọ́ kí la fẹ́ pa mọ́ tí a kọ́kọ́ ń ṣẹ́ eyín rẹ̀?

* * *

Èsì mẹ́ta ló wá nípa ìdọ̀tí lórí dísìkì, mo kó wọn pọ̀. Dísìkì yẹ́lò kò ní ìlẹ̀kùn. Ihò tí hẹ́ẹ̀dì ń gbà wọlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, àpò bébà fẹ́ẹ́rẹ́ àti ike ló ń bò ó. Dísìkì búlúù tó tẹ̀ lé e ló ní ìlẹ̀kùn. Bó o bá rí ohun funfun tó tàn ká bíi ti búrẹ́dì tó bu, má fi í sínú ẹ̀rọ. Hẹ́ẹ̀dì á gbé e, á fi ya gbogbo dísìkì tó bá tẹ̀ lé e. Òwú àti sípíríìtì tó mọ́, láti àárín sí etí, má yí i po, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní ká fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mi ò rí ibi tó ti rí i, mo bẹ̀bẹ̀.

* * *

Wàyí o, ìjà tó gbóná jù: kí ni ká ṣe sí ohun tí ọmọ yẹn fi pamọ́?

Apá kan ní ká fọ̀ ọ́ kúrò. Wọ́n fẹ́ géèmù bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde ní páálí, kí ìwọ àti èmi bá kà á, kí tiwa bára mu dé báìtì tó kẹ́yìn. Mo lóye wọn. Láìsí ìyẹn, a ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti géèmù àti èyí tó jẹ́ ti ọmọ. Ṣùgbọ́n dísìkì méjì tí ọmọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lò ló ń jẹ́ ká mọ̀ ọ́n! O gbé wọn ka ẹgbẹ́ ara wọn, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọwọ́ ọmọ ti dé. Bó o bá ti fọ̀ ọ́ kúrò kó o tó fi wé, ìmọ̀ràn orí ẹ lo fi wé.

Èrò mi: tọ́jú méjèèjì, má gbé ti ọmọ síta. Orúkọ èèyàn ni. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú Zelda ní 1986 kò mọ̀ pé àjèjì kan máa kà á, bóyá ó ti ní ọmọ tirẹ̀ báyìí.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó wà ní Èkó ní àṣejù nìyẹn, pé àwọn ayédèrú gan-an ló tọ́jú géèmù wọ̀nyí fún gbogbo ayé. Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Super Mario Bros. 2 ti Japan jáde lórí dísìkì ní oṣù Kẹfà 1986, wọn ò tà á ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn torí ó le jù, àmọ́ àwọn ará Taiwan yí i sínú kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Mo gbá a ní Mushin láìmọ̀ ohun tí mo ń gbá, lórí ẹ̀rọ géèmù tí kò ní orúkọ, mo rò pé Mario burúkú kan ni, torí olú tó yẹ kó sọ mí di ńlá ló ń pa mí. Ọpẹ́ ni fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yí géèmù dísìkì sínú kásẹ́ẹ̀tì, ìfipamọ́ lórí dísìkì lọ, ohùn tó wà nínú ohun dúdú yẹn náà lọ. Disk System ní ohùn kan tí Famicom lásán kò ní. Gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Zelda lórí dísìkì, agogo wà níbẹ̀. Gbọ́ ti kásẹ́ẹ̀tì, agogo ti wábi gbà.

* * *

Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí i. Àwọn kan wà tí a lè ka dísìkì wọn dé báìtì tó kẹ́yìn, a ò sì ní rí géèmù náà. Ní 1987, Nintendo àti Square gbé ọ̀kan jáde tí òṣèré Nakayama Miho wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù máa ń jáde lójú géèmù, o máa gbé fóònù gidi nílé, o máa pe nọ́ńbà yẹn, ohùn Nakayama á sọ fún ọ ohun tó yẹ kó o ṣe. Nọ́ńbà yẹn ṣì wà lórí dísìkì. Pè é.

Golf búlúù ti ọdún yẹn náà: o máa gbé dísìkì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ Disk Fax á fi àmì ayò ẹ ránṣẹ́ sí Nintendo, fún ìdíje.

64DD, ẹ̀rọ dísìkì tí wọ́n ṣe fún Nintendo 64, tún burú jù bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejìlá 1999 ló jáde, oṣù Kejì 2001 ni wọ́n pa á tì, Japan nìkan náà ni. Dísìkì rẹ̀ ń gba 64 mẹgabáìtì, o lè fi ya ojú ọ̀nà eré ọkọ̀ tìẹ nínú F-Zero X, ìsopọ̀ Randnet sì jẹ́ kó o wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rí dísìkì ìsopọ̀ yẹn lónìí lè tan án, kò sí ohun tó máa dáhùn ní òdì kejì. Ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ òfin pípín fáìlì, dísìkì tó o ni ni kó o kà, kó o tọ́jú rẹ̀.

* * *

«Ẹ̀gbọ́n, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bẹ́líìtì ni lóòótọ́, ọ̀dà ba ṣòkòtò mi kan jẹ́. ERR.22 ṣe mí bí ẹ ṣe wí, mo yí síkúrù yẹn títí ọwọ́ fi ń gbọ̀n. Golf jẹ́ Golf, wọn ò tún un kọ rí, òdo ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi báírò kọ: Mario Bros. ló jáde, ṣùgbọ́n ìpolówó oúnjẹ wà láàárín rẹ̀. Mo rò pé mo bà á jẹ́. Zelda: ojú A dáa. Ojú B, 27, ìgbà mẹ́rin, ìpín kan náà.»

Àbúrò, o ò ba nǹkan kan jẹ́. Kaettekita Mario Bros. nìyẹn, ti 1988. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ Nagatanien ló sanwó ìpolówó yẹn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí dísìkì ní 400 dípò 500. Wọn ò tà á nínú páálí rí, ẹ̀rọ Disk Writer nìkan ló ń kọ ọ́, ìdí tó fi jẹ́ báírò ló wà lára rẹ̀ nìyẹn. Wo iye ìgbà tí wọ́n ti tún dísìkì yẹn kọ kó o sọ fún mi, mo fẹ́ mọ̀.

Zelda ojú B: dá a dúró. Má kà á ní ìgbà karùn-ún lórí ẹ̀rọ kan náà. Bó bá jẹ́ ìpín kan náà nígbà gbogbo, ibì kan lórí dísìkì ló ti bu tàbí tó ti ya, hẹ́ẹ̀dì ẹ sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ojú egbò ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀rọ mìíràn tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jókòó díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì lè kà á, mo ní mẹ́ta níbí. Tọ́jú kíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó o ti ṣe, má pa ìkankan rẹ́, àwọn báìtì tó yàtọ̀ láàárín wọn máa wúlò. Fi dísìkì náà sínú ike rẹ̀, fi bébà dí ihò rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Má gbé e sórí sípíkà nígbà tó o bá ń wá ibi tó o máa gbé e sí.